Orí Kẹrin: Ta Ló Rí I?

Ìyá eléèlùbọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé wa ní Òṣogbo ni ó kọ́kọ́ bi mí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe ọdún 2020 ni. Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ti kéde kónílé-ó-gbélé, Ọjà Ọba ti dá páropáro, oríta Ọláìyá tí ọ̀kadà kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè sọdá ti di ibi tí ewúrẹ́ ń dùbúlẹ̀ sí láàárín títì. Ìyá jókòó sẹ́nu ìsọ̀ tí ó tì pa, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì. Kòrónà tí wọ́n ní ó ń pa ayé run yìí, ta ló rí i?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣáà máa fọwọ́ yín, kí ẹ sì máa bo imú."

Ó wò mí títí. "N ò bi yín léèrè ohun tí n óò ṣe. Ohun tí ẹ rí ni mo bi yín."

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá béèrè irú ìbéèrè yẹn nínú kíláàsì bàọ́lọ́jì, máàkì ni n óò fún un. Ìyá béèrè ẹ̀rí, àṣẹ ni mo fi dá a lóhùn. Ohun kan náà ni rédíò ń ṣe láàárọ̀, ohun kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣe lálẹ́: ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ìbéèrè àwọn èèyàn jọ, ní Òṣogbo níbí àti ní Ìléṣà tí mo ti ní àna. Orí yìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n ti fún Ìyá lọ́jọ́ náà.

Kí a ti orí ìríran bẹ̀rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kòrónà kéré débi pé bí a bá to 10,000 rẹ̀ sórí ìlà kan, gígùn gbogbo wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ojú lásán kò tó o. Maikirosíkóòpù ilé-ìwé girama pàápàá kò tó o. Ẹ̀rọ ńlá tí ó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ ni ó lè ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ti yà á ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń rí ohun tí ojú kò tó: a lè kà á. Inú fáírọ́ọ̀sì yìí ni ohun kan bí ìwé wà, tí lẹ́tà rẹ̀ tó 30,000, irú lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń to ara wọn ní oríṣiríṣi. Ìwé yìí ni ó máa ń tan sẹ́ẹ̀lì ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wa jẹ, tí sẹ́ẹ̀lì yóò fi pa iṣẹ́ ara rẹ̀ tì, tí yóò máa bá fáírọ́ọ̀sì ṣe ọmọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tí iṣẹ́ gbé wá sí Nàìjíríà, tí ó gba Èkó wọlé tí ó sì kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àrùn náà lára. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a rí i lára rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ dé Ẹdẹ, sí ilé ìwádìí tí à ń pè ní ACEGID nígbà náà ní Yunifásítì Redeemer's, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi jẹ́ olórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ka ìwé náà tán. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n ti gbé e síta kí gbogbo ayé lè rí i. Kò sí ilé ìwádìí mìíràn ní gbogbo Áfíríkà tí ó ka fáírọ́ọ̀sì yìí jáde ṣáájú wọn.

Ẹdẹ kúkú ni o. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Òṣogbo, kò ní tó ìdajì wákàtí kí ó tó débẹ̀. Ọmọ Ìyá obìnrin wà nílé ọkọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ìyá ń bi mí pé ta ló rí i, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tí ó rí i ti kà á láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, nítòsí ilé àna rẹ̀, n kò sì sọ fún un. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi òwú gbà ní imú. Àwọn èèyàn béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè hàn lára òwú. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ro ti náírà kan. Bí náírà kan bá di méjì lónìí, tí méjì di mẹ́rin lọ́la, tí mẹ́rin di mẹ́jọ lọ́tùnla, tí ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ ogún, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń ṣe nìyẹn. Ó ń wá àwọn gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé mìíràn àfi ti kòrónà, bí ó bá rí i, yóò sọ ọ́ di méjì, di mẹ́rin, ní nǹkan bí ogójì ìgbà, títí yóò fi pọ̀ tó ohun tí iná ẹ̀rọ lè tàn sí. Bí kò bá sí nǹkan kan lára òwú, kò sí ohun tí yóò di méjì. Òfo lọ́nà méjì, òfo náà ni.

"Ta ló gbé e wá?" ni ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e, inú ìbínú ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń béèrè rẹ̀. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2020, wọ́n dá èèyàn 127 dúró sí Èjìgbò, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ti Côte d'Ivoire bọ̀ wálé. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ìlú náà ní ẹsẹ̀ méjì: ọ̀kan wà nílé, èkejì wà ní Abidjan. Àyẹ̀wò rí àrùn náà lára àwọn tí ó lé ní mẹ́wàá nínú wọn, iye Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì fò sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kíá ni orúkọ Èjìgbò di ohun tí àwọn kan ń fi ń sá fún ara wọn nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá ń gbà ni àrùn máa ń gbà. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1918, ọkọ̀ ojú omi ni àrùn gágá ńlá ìgbà náà bá gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì tẹ̀ lé ojú irin wọ inú ilẹ̀. Ọdún 1907 ni ojú irin ti dé Òṣogbo, tí ó ń gbé kòkó àti èrò. Àwọn onítàn fojú bù ú pé àrùn náà pa tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà. Reluwé kò jẹ̀bi, ará Èjìgbò kò jẹ̀bi. Àwọn tí wọ́n dúró kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní Èjìgbò ṣe wá lóore ju àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú dé tí wọ́n wọlé láìsọ fẹ́nìkan lọ.

Àwọn kan ní òpó 5G ni. Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọdún 2022 ni aráàlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo 5G ní Nàìjíríà, ọdún méjì lẹ́yìn tí kòrónà ti dé. Àwọn mìíràn ní oòrùn wa yóò pa á. Oòrùn lè pa èyí tí ó wà lórí irin gbígbóná, ṣùgbọ́n inú ọ̀fun èèyàn ni fáírọ́ọ̀sì ń gbé, inú ọ̀fun ará Òṣogbo kò sì gbóná ju ti ará Mìláànù lọ. Ti ọṣẹ ni mo fẹ́ kí ó yé wa dáadáa, nítorí wọ́n pàṣẹ rẹ̀ láìsọ ìdí. Ẹ̀wù ọ̀rá ni fáírọ́ọ̀sì yìí gbé wọ̀. Ẹni tí ó bá ti fọ ìkòkò ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé omi lásán yóò kàn máa yọ̀ lórí epo ni. Ọṣẹ ni ó ń já epo sí wẹ́wẹ́. Bí ọṣẹ bá ti já ẹ̀wù ọ̀rá náà, ìwé inú rẹ̀ fọ́n ká, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ọṣẹ dúdú ṣe é, ọṣẹ bàà ṣe é. Kò dìgbà tí a bá ra ti inú ìgò olówó gọbọi.

Ìbéèrè tí ó le jù lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ti ìbòmú. Wọ́n ní, "Ẹ ní kí a má wọ̀ ọ́, ẹ tún ní kí a wọ̀ ọ́. Èwo ni òtítọ́?" Òótọ́ ni pé títí di ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò gba gbogbo aráàlú tí ara wọn yá nímọ̀ràn láti máa wọ̀ ọ́. Ohun méjì ló fà á. Ìkíní, wọ́n rò pé kòrónà yóò ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jà ní Éṣíà ní 2003, èyí tí kì í sábà ràn àfi nígbà tí àìsàn bá ti dá ẹni tí ó ní in dùbúlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tọ ipa àwọn tí àrùn náà mú ni wọ́n rí i pé èyí ń jáde lẹ́nu èèyàn ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ibà tó mú un, nígbà tí ó ṣì ń rẹ́rìn-ín tí ó ń ná ọjà. Ìkejì, ìbòmú kò tó, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì yóò ṣófo. Ẹ̀bi kò sí nínú yíyí èrò padà. Ọdẹ tí ó rí ẹsẹ̀ ẹran tuntun tí kò yí ọ̀nà padà, òfo ni yóò gbé wálé. Ibi tí mo ti dá wọn lẹ́bi ni pé wọn kò la ìdí kejì yẹn mọ́lẹ̀ fún wa. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ìbòmú kò wúlò, nígbà tí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò tó. Àwọn èèyàn sì rántí.

Ìrántí tún wà tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì rárá. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, ní Ẹdẹ kan náà yìí, àwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n bá ìrẹsì, ṣúgà àti ìndómì tí wọ́n ní kí wọ́n pín fún àwọn tí kónílé-ó-gbélé pa lébi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń ṣàlàyé nǹkan fún àwọn èèyàn nípa kòrónà, wọn a ní, "Ìrẹsì ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀. Ẹni tí ebi pa tí wọ́n ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ó di oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún náà, orúkọ Ọ̀ṣun dé etí ayé. Dókítà John Nkengasong, olórí àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní Áfíríkà, kéde pé àwọn ará Ẹdẹ ti rí ẹ̀yà kòrónà kan tí ó dá yàtọ̀, lára ohun tí wọ́n gbà lára èèyàn méjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀kan ní ọjọ́ 3 oṣù Ògún, èkejì ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀wàrà. B.1.1.207 ni wọ́n pè é. Fóònù mi kò sinmi lọ́jọ́ náà. Àna mi kan pè láti Ìléṣà: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí ni?"

Mo ní kí ó rántí ilé-kéú. Alùfáà kọ sórí wàláà tirẹ̀, ọmọ kan wò ó kọ sórí tiẹ̀, ó sì ṣi lẹ́tà kan kọ. Ọmọ tí ó jókòó tì í kò wo ti alùfáà, ti ọmọ yẹn ni ó wò, nítorí náà àṣìṣe yẹn dé orí wàláà tirẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ tún fi ọ̀kan kún un. Bí alùfáà bá gba gbogbo wàláà nírọ̀lẹ́, yóò wo àwọn àṣìṣe náà, yóò sì mọ ẹni tí ó jí ti ẹni wò láìbi ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ṣi ara rẹ̀ kọ nígbà tí ó bá ń pọ̀ sí i nínú ara wa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣìṣe náà kò ṣe é láǹfààní, kò sì ṣe é ní ibi. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n bí yóò ṣe tètè ràn. Èyí tí wọ́n rí ní Ọ̀ṣun ní àṣìṣe kan tí èyí tí ó ń jà ní Bìrìtìkó nígbà náà ní, ìyẹn ni ẹ̀rù ṣe ba ayé. Ṣùgbọ́n wàláà méjèèjì kò ti ọwọ́ ara wọn jáde. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n kà ní Nàìjíríà nígbà náà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 ni ti Ọ̀ṣun, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń ràn ju àwọn yòókù lọ. Ìdí tí wọ́n fi rí i lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀dọ̀ wa ni fìtílà wà. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní ẹ̀yà tirẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò kà á.

Ó kan ọ̀rọ̀ oògùn. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà 2020, Ààrẹ Donald Trump yin kulorokúìnì lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà tó mi tí kò mọ kulorokúìnì, bí ó ṣe korò tó, bí ó ṣe máa ń yún èèyàn lára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn kan ní Èkó ti gbé èyí tí ó pọ̀ jù mì, wọ́n sì bá ara wọn ní ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn bi mí pé, "Bí ó bá ń wo ibà sàn, kí ló dé tí kò ní wo èyí?"

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè yìí, nítorí àwọn ló ni òṣómàáló. Oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà yóò tà láwìn fún ọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó bá pé, òṣó ni yóò ló sẹ́nu ọ̀nà rẹ, kò jókòó, kò dìde, àfi tí ó bá gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ló òṣó ti oògùn. Ní Bìrìtìkó, wọ́n pín àwọn aláìsàn kòrónà bí ẹni ṣẹ́ kèké, wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní irú kulorokúìnì kan, wọn kò fún ẹgbẹ́ kejì, wọ́n sì dúró ti wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú 100 tí ó lò ó, nǹkan bí 27 kú. Nínú 100 tí kò lò ó, nǹkan bí 25. Oògùn náà kò san gbèsè. Àwọn dókítà kan náà, ìwádìí kan náà, wọ́n ló òṣó ti dexamethasone, oògùn pọ́ọ́kú tí gbogbo kẹ́míìsì ní Ìléṣà ń tà, nínú oṣù Òkúdù 2020 sì ni wọ́n kéde pé ó dín ikú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá ti béèrè lọ́wọ́ orúkọ àti òkìkí, kulorokúìnì ni ìbá wọlé.

"Àgbo wa ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó dára ni, n kò sì fara mọ́ àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni Tu Youyou ti yọ oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò lónìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2015. Ṣùgbọ́n ó yọ ọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó sì dán an wò. Nígbà tí Madagásíkà gbé àgbo inú ìgò rẹ̀ jáde ní oṣù Igbe 2020, ìgò ni wọ́n gbé fún àwọn ààrẹ Áfíríkà kí ẹnikẹ́ni tó ló òṣó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àgbo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Mo wá dé orí ìbéèrè tí wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó bi mí: "Ṣé kì í ṣe ara wa ni wọ́n fẹ́ fi dán abẹ́rẹ́ wọn wò?" Ẹni tí ó bá béèrè èyí kì í ṣe òpè. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò níbẹ̀ lára ọmọ 200, wọ́n fún ìdajì wọn ní tuntun, ìdajì ní èyí tí a ti mọ̀. Ọmọ 11 kú nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ṣẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kánò. Ẹni tí ó bá ní kí a gbàgbé ìyẹn kò mọ ohun tí ọmọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn kejì wà, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti parí ogun Kírìjì ní 1886, ni dókítà kan láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ìléṣà yàn ní nǹkan bí 1957. David Morley ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà láti ìkókó, ó ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, ó ń fi àmì sí ìwé pélébé kan tí ìyá ọmọ ń gbé lọ sílé. Irú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò báyìí. Káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń ya ìlà ìwúwo ọmọ yín, ìran ti Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ohun tí ó rí nínú ìwọ̀n àti àmì wọ̀nyẹn ni pé èéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ jù. Nílùú òyìnbó, àìsàn ọmọdé lásán ni wọ́n kà á sí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyà oúnjẹ ti ń jẹ ni ó ń pa.

Nítorí èyí ni Samuel Katz, láti ilé ìwádìí John Enders ní Boston, fi gbé abẹ́rẹ́ èéyi tuntun wá ní nǹkan bí 1960. Kì í ṣe ara wa ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti gbà á ṣáájú. Ó mú ibà bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, àwọn tí ó ṣe é kò sì fi pamọ́, àwọn onímọ̀ sì tún rọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀. Abẹ́rẹ́ èéyi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́sàn-án lónìí, ọmọ ìyá èyí ni. Mo mọ ìyá àgbà kan ní Ìléṣà tí ó bí ọmọ mẹ́jọ, tí èéyi mú mẹ́ta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí abẹ́rẹ́ náà tó kárí. Kò tíì dá orúkọ wọn létí mi rí. Iye wọn nìkan ló máa ń sọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Kánò àti Ìmẹ̀sí-Ilé kì í ṣe àwọ̀ ara àwọn dókítà. Morley ti wà láàárín àwọn èèyàn yẹn fún ọdún mélòó kan kí abẹ́rẹ́ kankan tó dé, ó mọ àwọn ọmọ náà ní orúkọ. Ní Kánò, wọ́n dé nígbà tí iná ikú ń jó, wọ́n sì lọ.

Àwọn tiwa náà ti wọ inú ewu láti rí òótọ́ fúnra wọn. Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú tí ó sì dé Sàró, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà lọ́dọ̀ ìjọba ní Èkó ní 1896. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná. Ìgbóná tàbí Olóde ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn olùsìn rẹ̀ ni ó sì ń jogún ẹrù ẹni tí ó bá pa. Sapara gbọ́ pé àwọn kan nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ tàn án ká. Kò jókòó sí Èkó kọ̀wé. Ó pa ara dà, ó wọ ẹgbẹ́ náà lápá Ẹ̀pẹ́, ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ó rí ni ó sì mú ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, ní gbogbo ayé kí 1980 tó dé. Abẹ́rẹ́ ló lé e lọ.

"Báwo ni wọ́n ṣe tètè ṣe ti kòrónà? Ọdún kan péré!" Wọn kò ṣe é lọ́dún kan. Ọdún 2005 ni Katalin Karikó àti Drew Weissman ti rí àṣírí tí abẹ́rẹ́ ti Pfizer dúró lé, àwọn ará Oxford náà sì ti ń ṣe ti ìbátan kòrónà kan kí ó tó dé. Ó kù kí wọ́n fi lẹ́tà tuntun sí i. Ẹni bí 43,000 ló yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò Pfizer, wọ́n fún ìdajì ní abẹ́rẹ́, ìdajì ní omi iyọ̀: èèyàn 162 ni kòrónà mú nínú àwọn olómi iyọ̀, èèyàn mẹ́jọ nínú àwọn yòókù. Ìyẹn ni ìló òṣó.

Kí ló dé tí kò wá pa wá bí wọ́n ṣe sọ? Iye ikú tí ìjọba kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,100. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀jẹ̀ ná. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà 2020, NCDC, àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Èkó láti ilé dé ilé, wọ́n rí i pé nínú 100, àwọn 23 ló ti ní àrùn náà rí, nígbà tí gbogbo èyí tí àyẹ̀wò ti rí ní Èkó jẹ́ nǹkan bí 20,000 péré. Ó ti gba àárín wa kọjá, a kò kà á. Ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà kò tíì ju ọdún 18 tàbí 19 lọ. Ní Ítálì, ìdajì wọn ti kọjá 45, àgbà sì ni àrùn yìí ń mú le. A tún ń sin ọ̀pọ̀ àgbà nílé, láìsí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò, láìsí ìwé. Mo lọ síbi òkú mẹ́rin ní Ìléṣà láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ògún 2020. "Ibà ni," ni wọ́n sọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́. Ní ìkẹrin, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.

Ìyá eléèlùbọ́ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní 2021. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gba èkejì, ó gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba da abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan nù ní Àbújá, nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Òótọ́ ni, oṣù Ọ̀pẹ̀ 2021 ni. Ó ní òun kò lọ mọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ti wé gèlè, ó ní kí n sin òun.

Nọ́ọ̀sì tí a bá kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ ká apá aṣọ yín sókè." Ìyá kò ká a. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí ojú ìgò yẹn."

Ọkàn mi fò, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, mo sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń dá àgbàlagbà lóhùn ní irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà mú ìgò kékeré náà jáde nínú kúlà, ó fi ìka nu òtútù ara rẹ̀, ó yí i síbi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, ó sì gbé e ka àtẹ́lẹwọ́ Ìyá. Ìyá kò mọ̀wé. Ó na ọwọ́ sí mi pẹ̀lú ìgò náà lórí rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ kà á sókè."

Mo kà á: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ó kù ju oṣù méjì lọ. Àwọn méjì tí ó tò sẹ́yìn wa na ọrùn láti wò ó. Ìyá gbé ìgò fún nọ́ọ̀sì padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá bùbá rẹ̀.